Ilé tó máa gba RV: ẹ má fi ààyè òfo inú ìwé àdéhùn sílẹ̀ lófo

Ìbéèrè yìí wá láti ọ̀dọ̀ ìyá ìbejì kan ní Missouri City, lẹ́bàá Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kẹfà rèé tí a ti ń háyà ilé, Ọlọ́run ti ṣe é, a fẹ́ ra tiwa. Ọkọ mi ní RV kan, ilé onítáyà tí èèyàn máa ń gbé lọ sí ìrìnàjò, irú èyí tí píkọ́ọ̀pù máa ń fà, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára ni 29. Oṣooṣù là ń sanwó ibi tí a ń gbé e sí, ó sì ti sú wa. A ti wá rí ilé kan lọ́nà Richmond, yàrá mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ ilé náà fẹ̀, géètì ńlá wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìpolówó pé ààyè RV wà. Kí ni ká yẹ̀ wò kí a tó fọwọ́ síwèé? Àbúrò mi ọkùnrin náà ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde, a ní kó máa sùn nínú RV náà títí yóò fi rí ilé gbà."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Iṣẹ́ kí n máa bá èèyàn ra ilé ni mo fi ń jẹun ní Houston yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé géètì ńlá yẹn kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ìwé ni. Ilé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó láti gba RV pọ̀ lọ́nà Richmond. Èyí tí ìwé rẹ̀ gbà yín láàyè láti gbé e síbẹ̀ ni ò pọ̀.

Nílé, tí èèyàn bá fẹ́ ra ilẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ló máa ń bà á lẹ́rù. Ṣé wọn ò ti tà á fún ẹlòmíràn? Ṣé ìjọba ò ti gbẹ́sẹ̀ lé e? Tó bá ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, ohun tó bá wù ú ló lè kó sínú ọgbà rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ojú yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì fi ń wo ilé níbí, òun ló sì ń kó wa sí wàhálà. Ní Texas, ẹ lè san owó ilé tán, kí orúkọ yín wà lórí rẹ̀, síbẹ̀ kí ẹ má láṣẹ láti gbé RV yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ara yín.

Ohun tó fà á ni ìwé òfin àdúgbò, èyí tí wọ́n ń pè ní deed restrictions. Ẹni tó kọ́kọ́ gé ilẹ̀ náà sí pulọ́ọ̀tì ló kọ ọ́, ó ti wà ní ọ́fíìsì county clerk, níbi tí ìjọba ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí, ó sì ń bá ilẹ̀ náà lọ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá rà á. Ẹ ó gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé Houston ò ní òfin zoning, ìyẹn òfin tí ìjọba ìlú fi ń sọ ohun tí èèyàn lè fi ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe. Òótọ́ ni. Àìní rẹ̀ gan-an ló sọ ìwé òfin àdúgbò di alágbára, torí òun ni àwọn onílé fi ń dáàbò bo àdúgbò wọn, ìlú Houston fúnra rẹ̀ sì lè pe èèyàn lẹ́jọ́ lórí àwọn kan nínú òfin náà. Tí ẹ bá wá jáde lọ sí Richmond, níbi tí ilé tuntun ti pọ̀ nínú àwọn àdúgbò tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo kọ́, ńṣe ni ìwé náà ń nípọn sí i.

Àárín ìpínrọ̀ ajá àti ìpínrọ̀ pàǹtírí lẹ máa ń bá gbólóhùn RV, ibi tí ojú ti máa ń rẹ èèyàn. Ó máa ní ọkọ̀ ojú omi, tírélà àti RV ò gbọ́dọ̀ dúró níbi tí ẹni tó wà lójú títì ti lè rí i. Òmíràn á fún yín ní wákàtí mélòó kan láti fi kó ẹrù sí i nígbà tí ẹ bá ń lọ sí ìrìnàjò. Ẹ fi ìka sórí "níbi tí wọ́n ti lè rí i" yẹn. Fẹ́ǹsì pákó tí ẹ ń rí káàkiri níbí sábà máa ń ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6. RV yín, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lórí rẹ̀, á ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 11. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ bàtà 5 máa yọrí lókè fẹ́ǹsì, funfun báláú, tí gbogbo àdúgbò ń wò ó.

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé onílé tó ń tà á gbé tirẹ̀ síbẹ̀. Tọkọtaya kan tọ̀ mí wá lẹ́yìn tí wọ́n ti ra ilé tán nípasẹ̀ ẹlòmíràn. Onílé àkọ́kọ́ ti gbé ọkọ̀ ojú omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà fún ọdún mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó bá a wí. Oṣù kẹta ni wọ́n kó wọlé, tí wọ́n gbé RV wọn sójú ibẹ̀ gan-an. Kí oṣù kẹrin tó parí, lẹ́tà ti dé. HOA, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò náà, ti yan àwọn alákòóso tuntun, àwọn yẹn sì ń lo ìwé bó ṣe wà. Ọkọ gbé fọ́tò ọkọ̀ ojú omi yẹn lọ bá wọn, wọ́n ní bí ẹnì kan ò bá tẹ̀ lé òfin, òfin ò torí ẹ̀ kú. Agbẹjọ́rò lè bá wọn jà á, ṣùgbọ́n owó agbẹjọ́rò á fẹ́rẹ̀ẹ́ ra RV míì. Ìyàwó rẹ̀ tẹ́ lẹ́tà náà síwájú mi lórí tábìlì ilé ìdáná, ó ti ká a, ó ti tú u, títí ojú ibi tí ó ń ká fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Wọ́n padà síbi tí wọ́n ń sanwó sí tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí ìlà kan péré nínú ìwé àdéhùn ni ì bá gbà wọ́n.

Ìlà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ yìí. Ìwé àdéhùn tí gbogbo wa ń lò láti fi ra ilé tí èèyàn ti gbé rí ní Texas, TREC ló gbé e jáde, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ wa. Ẹ ṣí i sí ìpínrọ̀ 6. Ní 6A, ẹ ti gbà pé àwọn òfin tó kan gbogbo àdúgbò náà bá ilé yìí wá, ẹ ò sì ní sọ pé torí wọn lẹ fi kọ ilé náà. 6D ló wá ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan fún yín. Ó ní ẹ lè kọ̀wé tako ohunkóhun tí kò bá ní jẹ́ kí ẹ lo ilé náà fún ohun kan pàtó, ó wá fi ààyè òfo sílẹ̀ kí ẹ kọ ohun náà síbẹ̀. Mo ti rí àìmọye ìwé àdéhùn tí ààyè yẹn ṣófo, tàbí tí wọ́n kọ pé ẹ fẹ́ gbé inú ilé, ohun tí kò sí òfin àdúgbò kankan tó máa dí i. Tó bá ṣófo, tí ìwé sì wá sọ pé RV ò gbọ́dọ̀ wọ̀, ẹ ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ lábẹ́ ìpínrọ̀ yẹn mọ́.

Ẹlòmíràn á ní ṣebí option period wà, ìyẹn ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ sanwó fún tí ẹ fi lè jáwọ́ láìṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ó wà lóòótọ́, kò sì yẹ kí ẹ ra ilé láìgbà á. Ṣùgbọ́n ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tàbí ọjọ́ mẹ́wàá, nígbà tí ìwé àdéhùn fún title company, ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ilé wò tó sì ń ṣe ìnṣọ́ránsì fún un, ní 20 ọjọ́ láti fi kó ìwé title commitment wá, ìyẹn ìwé tó ń to ohun tó so mọ́ ilé náà. Schedule B nínú ìwé yẹn ni àkọsílẹ̀ àwọn òfin àdúgbò máa ń wà. Ẹ wò ó bí option period ṣe lè tán kí ìwé tí ẹ fẹ́ kà tó dé. Ìdí rèé tí 6D fi ṣe kókó. Tí ẹ bá kọ̀wé tako láàárín iye ọjọ́ tí àdéhùn fún yín, ẹni tó ń tà á ní ọjọ́ 15 láti tún un ṣe. Òfin àdúgbò kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè tún ṣe ní ọjọ́ 15, nítorí náà ẹ máa ní ọjọ́ 5 lẹ́yìn ìyẹn láti fòpin sí àdéhùn kí ẹ gba earnest money yín padà, ìyẹn owó àsansílẹ̀ tí ẹ fi hàn pé ẹ fẹ́ ra ilé náà. Tí ọjọ́ tiyín bá sì kọjá tí ẹ ò kọ nǹkan kan, ẹ ti gbà nìyẹn. A kì í tojú ogun wẹ́fọ́n, Ìyá Ìbejì. Lọ́jọ́ kìíní tí ẹ bá fọwọ́ síwèé, ẹ ní kí title company fi àwọn ìwé òfin àdúgbò ránṣẹ́, gbogbo ojú ewé rẹ̀ pátá, kì í ṣe nọ́ńbà ibi tí wọ́n tò ó sí nìkan. Tí HOA bá wà, ẹ béèrè ìlànà tí àwọn alákòóso wọn fúnra wọn gbé kalẹ̀ pẹ̀lú, torí ó máa ń le ju òfin àkọ́kọ́ lọ nígbà míì.

Tí ìwé bá wá gbà, ẹ mú téèpù.

Nọ́ńbà 29 yẹn kì í sábà jẹ́ gígùn rẹ̀ láti imú dé ìdí. Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín, láti ibi tí píkọ́ọ̀pù ti ń gbé e kọ́ títí dé àtẹ̀gùn tàbí táyà àfikún tó wà lẹ́yìn. Kò ní yà mí lẹ́nu tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 33. Ìbú rẹ̀ á jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 tàbí 8 àti ínṣì 6, òfin ojú pópó ò sì gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ láìgba ìwé àṣẹ. Tí ó bá ní yàrá tó máa ń yọ síta, ẹ fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 kún un, torí ẹ máa fẹ́ ṣí i láti gbá inú rẹ̀. Gáráàjì ilé lásán ò lè gbà á. Ilẹ̀kùn wọn sábà máa ń ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7 tàbí 8, inú wọn ò sì jìn ju bí 20 sí 24 lọ.

Ibi tó há jù lẹ máa wọ̀n. Mo bá oníbàárà mi kan lọ wo ilé, mo na téèpù láti ògiri dé fẹ́ǹsì, ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 géérégé, inú ọkùnrin náà sì dùn. Mo ní kó tẹ̀ lé mi lọ sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì ẹ̀gbẹ́ ilé, a bá ẹ̀rọ amúlétutù ilé lórí pèpéle kọnkéré rẹ̀, ó ń kùn, ó ń fẹ́ ooru sí wa lẹ́sẹ̀. Mo na téèpù láti ibi tó yọ dé: ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínṣì 4 kúrò lára ògiri. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ti di 8 àti ínṣì 8. RV rẹ̀ fẹ̀ ní 8 àti ínṣì 6. Ínṣì kan ló kù lápá ọ̀tún, ínṣì kan lápá òsì, ẹ̀rọ yẹn sì nílò afẹ́fẹ́ láti mí. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé ìdí ọkọ̀. Ẹ wá mítà gáàsì náà, ẹ wo ẹnu òrùlé tó yọ síta, ẹ wo wáyà iná tó ń ti òpó wọ ilé, ẹ gbójú sókè wo ẹ̀ka igi oak. Ẹ̀ka tí kò kan ọmọdé tó ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀ á fa òrùlé RV ya bí ìgbà tí èèyàn ń ṣí agolo.

Ojú títì tún ńkọ́? Ẹ̀yìn ni ọkọ yín máa fi wọlé. Píkọ́ọ̀pù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 20, RV 33, ẹ sì ní láti yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ láàárín òpópónà tí àwọn aládùúgbò páàkì sí lápá méjèèjì. Àpótí lẹ́tà tó wà lódìkejì ni orí píkọ́ọ̀pù máa kọ́kọ́ gbá. Tí ẹnu ọ̀nà ilé bá tún dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ìdí RV á máa ha ilẹ̀. Kò sí téèpù tó lè sọ gbogbo èyí. Ẹ ní kí agent yín gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé, kí ọkọ yín gbé RV náà lọ síbẹ̀ nígbà tí option period ò tíì tán, kó sì gbé e wọlé dé òpin. Ó lè tì yín lójú láti béèrè. Ẹ béèrè.

Ilẹ̀ Houston jẹ́ amọ̀ dúdú tó máa ń wú nígbà òjò tó sì máa ń sán nígbà ọ̀dá. Kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n dà fún ẹsẹ̀ èèyàn máa là lábẹ́ RV láàárín ọdún díẹ̀. Tí ẹ bá máa da tuntun, ó kéré tán kó nípọn tó ínṣì 4, ínṣì 5 tàbí 6 ló wù mí, kí irin wà nínú rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ dín owó kù, omi sì ń gbà á kọjá, ṣùgbọ́n HOA míì ò gbà á. Kí ẹ tó da ohunkóhun, ẹ wo sọ́fè ilẹ̀ náà dáadáa fún easement, ìyẹn apá ilẹ̀ tí àwọn oníná, olómi tàbí onígáàsì láṣẹ láti gbẹ́ nígbàkigbà. Ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ilé ló sábà máa ń wà, ojú ibẹ̀ gan-an tí ẹ fẹ́ gbé RV sí. Tí wọ́n bá ní láti hú kọnkéré yín, wọ́n lè má padà wá tún un dà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí ìjì Harvey dé, odò Brazos kún wọ àdúgbò púpọ̀ ní Fort Bend County, níbi tí Richmond wà. Àwọn èèyàn máa ń wo àwòrán ilẹ̀ tí FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àjálù, gbé jáde láti mọ̀ bóyá omi lè wọ ilé, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ̀gbẹ́ ilé sábà máa ń rẹlẹ̀ ju inú ilé lọ, torí wọ́n fà á sílẹ̀ kí omi lè gbabẹ̀ jáde. Ilé yín lè yè é kí RV rì. Ìnṣọ́ránsì ilé ò sì kó RV mọ́ra bí ẹ ṣe rò, ó nílò tirẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú ti omíyalé.

Iná ni mo fẹ́ kí ọkọ yín fetí sí jù. Tí RV yín bá jẹ́ ti 30 amp, fóltì 120 ni iná rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ihò mẹ́ta, ó sì fẹ́ jọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ aṣọ láyé àtijọ́, èyí tó jẹ́ fóltì 240. Oníṣẹ́ iná tó mọ iṣẹ́ ilé dáadáa ṣùgbọ́n tí kò mọ RV máa ń ṣì í, á fi 240 sí i, lọ́jọ́ tí ẹ bá sì kọ́kọ́ kì í bọ̀ ọ́, fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ amúlétutù, gbogbo wọn á jóná pa pọ̀. Ti 50 amp ló ní ihò mẹ́rin. Bí onílé bá sọ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì RV ti wà níbẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́ títí ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi fi mítà wọ̀n ọ́n níṣojú yín. Omi ìdọ̀tí ò le tó bẹ́ẹ̀: ẹ má ṣe tú u sínú gọ́tà ojú títì láéláé, torí ìyẹn ń ṣàn lọ sínú odò láìgba ibi ìtọ́jú kọjá. Ẹ máa tú u níbi tí wọ́n ṣe fún un nígbà tí ẹ bá ń darí bọ̀ láti ìrìnàjò.

Ti àbúrò yín: rárá. Ọ̀pọ̀ ìlú àti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo HOA tí mo mọ̀ níbí ló kà á léèwọ̀ kí èèyàn fi RV ṣe ibùgbé nínú ọgbà ilé, kódà níbi tí wọ́n ti gbà kó dúró. Aládùúgbò tó bá rí iná nínú rẹ̀ lóròòru á pè wọ́n, òfin tó gbà yín láàyè tẹ́lẹ̀ á sì di èyí tí wọ́n ń fi ìbínú kà. Ẹni tó ń ti Ìjẹ̀bú-Òde bọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé tuntun, ẹ fún un ní yàrá kẹrin yẹn.

Tí ẹ bá bi mí léèrè èrò ọkàn mi, ẹ kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ lórí ìwé. Iye ìgbà mélòó lẹ ń lò ó lọ́dún? Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta péré, ilé tó sún mọ́ iléèwé tó dára fún àwọn ìbejì sàn ju ilé tó gba RV, kí ẹ sì máa san owó ìpamọ́ náà lọ. Tó bá sì jẹ́ pé òun gan-an ni ìgbádùn ẹbí yín, ẹ kúrò nínú àwọn àdúgbò tuntun Richmond, ẹ wá ilé orí éékà kan lọ sí ọ̀nà Needville tàbí Rosharon, níbi tí ìwé òfin ti sábà máa ń fẹ́lẹ́ jù. Ìrìnàjò ibi iṣẹ́ á gùn sí i, mi ò ní purọ́ fún yín.

Tí ọkàn yín bá ṣì wà lórí ilé Richmond yìí, ẹ sọ fún agent yín kó kọ èyí sí ààyè òfo 6D, lédè Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe kedere: pé ẹ fẹ́ máa gbé RV kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 35 tó sì ga tó 12 pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, lẹ́yìn géètì, ní gbogbo ìgbà. Ẹ kọ gígùn àti gíga rẹ̀. Tó bá ní kò pọn dandan, ẹ ní ẹ̀gbọ́n yín ní Houston ló ní kó kọ ọ́.